Iyẹ̀pẹ̀ Dúdú Ẹ̀gbẹ́ Kòtò Yangí

Nígbà tí mo ṣì ń gbé síléètì lọ sílé-ìwé, ní àwọn ọdún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kòtò yangí kan wà lọ́nà Adó sí Ìgbẹmọ. Níbẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà ti ń wa yangí tí wọ́n fi ń dí ibi tí àgbàrá òjò bá gbẹ́. Nígbà tí yangí ibẹ̀ ń tán lọ, wọ́n fẹ kòtò náà wọ inú oko ìyá àgbà kan, opó tó ń gbé nítòsí ilé wa. Iṣu inú oko yẹn ló ń jẹ.

Ojú mi ni fóòmàn, olórí àwọn òṣìṣẹ́ náà, ṣe ṣèlérí fún un.

"Ìyá, iyẹ̀pẹ̀ dúdú tó wà lókè la ó kọ́kọ́ kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí a bá wa yangí tán, a ó dí kòtò, a ó sì da iyẹ̀pẹ̀ yín padà lé e."

Ìyá ní, "Ẹ má gbàgbé o. Iyẹ̀pẹ̀ yẹn ni oko. Òkúta ni ìyókù."

Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ni olórí ọgbà kíláàsì wa nígbà náà. Ilẹ̀ ọgbà wa le gan-an, a sì gbọ́ pé ọ̀gá tó ń yẹ ilé-ìwé wò ń bọ̀. Ni mo bá kó àwọn ẹgbẹ́ mi lẹ́yìn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, kí agogo tó lù, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ dúdú ìyá àgbà là ń rù lọ sí ọgbà wa.

Ọ̀kan nínú wa ní, "Ṣé iyẹ̀pẹ̀ yìí kò ní ẹni tó ni ín báyìí?"

Mo ní, "Ta ló ń jí iyẹ̀pẹ̀? Ọ̀lẹ, gbé tìrẹ!"

Tẹ̀tẹ̀ wa yọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Ọ̀gá yìn wá, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí wọ́n dí kòtò tán, iyẹ̀pẹ̀ tó kù kò bo ìdajì rẹ̀. Ìyá àgbà pè mí.

"Ọmọ mi, ìwọ tó ń gba ibí kọjá lójoojúmọ́, kí ló ṣe iyẹ̀pẹ̀ mi?"

"Òjò ló wọ́ ọ lọ, Ìyá."

"Òjò yìí mà lágbára o," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì mo já tẹ̀tẹ̀ ọgbà wa fún un. Ó gbà á, ó súre fún mi títí. Iṣu tó ta lọ́dún yẹn kò ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ.

Lónìí, ọ̀dà ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà yẹn. Katakata ń wú oko olóko, kò sẹ́ni tó ń ya iyẹ̀pẹ̀ dúdú sọ́tọ̀ mọ́. Ẹ ní kí n bá àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà wí, torí oníròyìn ni mí. Òótọ́ ni, ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń bi èèyàn léèrè ohun tójú wọn rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bi èmi, òjò ni mo purọ́ mọ́.