Ìmọ̀ràn Kìíní: Ẹ Fi Í Sílẹ̀ Bó Ṣe Wà

Ẹni tó bá sọ pé ìwà pẹ̀lẹ́ kì í pààyàn, kò tíì ka ìwé tí Ìbíjọkẹ́ kọ ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá.

Ọmọ Iléṣà ni, ó sì ti lo ọdún mẹ́rìnlá ní Johannesburg. Iṣẹ́ rẹ̀, ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Marshalltown, ni kó wo ohun tí àwọn ìlú mìíràn ti ṣe sí ìṣòro kan, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i, kó wá lọ síwájú àwọn aláṣẹ, kó sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Iṣẹ́ gidi ni, bí àwọn tí wọ́n ń gbà nímọ̀ràn bá létí.

Ọ̀rọ̀ oṣù kọkànlá yẹn kò le rárá. Títì kan wà ní Rosettenville, lẹ́bàá ilé Ìbíjọkẹ́ fúnra rẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń sọdá láràárọ̀. Kò sí robot, ìyẹn iná tó máa ń dá ọkọ̀ dúró, níbẹ̀, àwọn taxi sì ń sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ìbíjọkẹ́ wá àdúgbò mẹ́ta tí títì wọn jọ èyí. Méjì nínú wọn ti mọ òkìtì ọ̀dà sójú títì kí ọkọ̀ lè rọra, ọkọ̀ ò sì gbá ọmọ kankan níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta kò ṣe nǹkan kan, wọ́n ṣì ń sin ọmọ.

Ní ọ́fíìsì wọn, ìmọ̀ràn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, èkíní sì ni “Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà” nígbà gbogbo. Ìkejì ni òkìtì, ìkẹta ni robot. Nígbà tí alága ìgbìmọ̀ àwọn aláṣẹ náà, Ọ̀gbẹ́ni Mokoena, baba olórí ewú, bi í léèrè èyí tó fara mọ́, ẹ̀kọ́ ilé gun Ìbíjọkẹ́. Ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, “Ọwọ́ yín ló kù sí, sà. Bẹ́ ẹ bá ṣe rí i ni.”

Ní Iléṣà, àgbà tó bá gbọ́ irú èyí mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni ọmọ náà ń bẹ̀, ojú á sì ti í láti ṣe é níṣekúṣe. Ohun tí Mokoena gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà kò já mọ́ nǹkan lójú obìnrin yìí. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n fi mú Ìmọ̀ràn Kìíní, wọ́n sì dìde lọ mu tíì.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, taxi gbá Bọ́láwùmí, ọmọ ọdún méje, ọmọ Fasilat aránṣọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ìbíjọkẹ́. Ó ti kú kí áńbúláǹsì tó dé.

Ìbíjọkẹ́ kò sunkún. Inú ló ń bí i. Ó bínú sí dírẹ́bà, ó bínú sí àwọn amutíì, ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló bínú sí jù. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ta ló rán an kó máa fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ tẹrí ba?

Ní oṣù kẹta, ó padà sí yàrá ìgbìmọ̀ náà. Ìwé kan náà ló gbé lọ, àfi pé ó fa ìlà sábẹ́ ìmọ̀ràn kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá yàn án kọ orúkọ rẹ̀ kó sì buwọ́ lù ú. Lábẹ́ Ìmọ̀ràn Kìíní, ó kọ orúkọ Bọ́láwùmí síbẹ̀.

Mokoena fi ìka lé ìlà náà. “Eish, Mama, kí leléyìí? Ìgbìmọ̀ ló ń pinnu níbí, kì í ṣe ẹnì kan.”

“Ìgbìmọ̀ kọ́ ló kú,” Ìbíjọkẹ́ dá a lóhùn. “Ẹnì kan ló kú. Ẹni tó bá fẹ́ Ìmọ̀ràn Kìíní, báírò rèé.”

Kò tẹrí ba, kò sì fi “sà” kún un. Ẹnì kan ń wo fóònù, ẹnì kan ń bu omi mu, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan báírò. Nígbà tó yá, Mokoena wúkọ́, ó ní kí wọ́n kúkú mú Ìkejì. Gbogbo wọn nawọ́ sókè.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e làwọn òṣìṣẹ́ kó ọ̀dà dé. Ìbíjọkẹ́ rò pé inú òun á rọ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló tún ń gbóná sí i. Àwọn ènìyàn kan náà ni, ìwé kan náà ni. Ohun tí wọn ò ṣe torí ọmọ, wọ́n ṣe é torí kí orúkọ wọn má bàa bàjẹ́.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, Fasilat jáde wá sẹ́nu géètì, ó ń wo bí àwọn taxi ṣe ń rọra gun òkìtì náà.

“Àǹtí Ìbíjọkẹ́, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ṣe é?”

“Ọjọ́ méjì.”

“Ọjọ́ méjì péré?” Fasilat yíjú sí i. “Ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ méjì ló máa gbà?”

Ìbíjọkẹ́ ì bá parọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. “Mo mọ̀. Ó wà nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ.”

Fasilat kò bú u. Ó wọlé lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń kí ara wọn láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò pè é ní Àǹtí mọ́.