Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Ní Kí Silifatou Gbé Mì

Bí ohun kan bá wà tó ń kó Silifatou nírìíra ju ẹja tó ti rà lọ, abọ́ hàntú tí bàbá rẹ̀ ń gbé fún un lówùúrọ̀ ni. Hàntú kì í ṣe tuntun ní ilé Mùsùlùmí. Ààfáà á fi tàdáwà dúdú kọ ẹsẹ Kùránì sára wàláà, á fi omi fọ̀ ọ́, ẹni tó ń wá àánú Ọlọ́run á sì mu omi náà. Silifatou ti ń mu ún láti kékeré, kò sì ráhùn rí. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń gbé fún un ní Koumassi, nílùú Abidjan, lọ́dún 2001 kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ Faransé ni! Contingence, déterminisme, aliénation: Ààfáà Sànní fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ wọ́n, ó fọ̀ wọ́n, ó bu oyin sí i, ó ní kí ọmọ gbé e mì kí filọ́sọ́fì lè wọ̀ ọ́ lára.

Ta ló gbé irú ọgbọ́n burúkú bẹ́ẹ̀ kalẹ̀? Bàbá rẹ̀ ni, Àlàájì Àrìmíyàù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ ike ní ọjà Adjamé. Lọ́dún tó ṣáájú, Silifatou ti ṣe BAC, ìdánwò àṣekágbá ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama wọn, filọ́sọ́fì ló sì gbé e ṣánlẹ̀. Bàbá ní òun kò ní gba irú rẹ̀ mọ́.

"Bó o bá tún ṣubú, ìsọ̀ mi ń dúró dè ẹ́. Abọ́ kì í béèrè BAC lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á."

Ọmọ tó ti ń sọ láti kékeré pé òun á ka ìwé òfin ní fásitì, lọ́hùn-ún ní Cocody! Òun ni wọ́n fẹ́ fi jókòó ti abọ́.

Músíò Joachim tó ń kọ́ wọn ní filọ́sọ́fì kò sì sàn ju Ààfáà lọ. Ọkùnrin náà á wọlé tòun ti òógùn abíyá, á kọ ọ̀rọ̀ gbàǹgbà sára pátákó, á kọ ìtumọ̀ tó tún le ju ọ̀rọ̀ náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, itọ́ ẹnu rẹ̀ á sì máa ta sí àwọn tó jókòó níwájú.

"Par cœur! Mettez les gros mots, le correcteur va trembler!"

Ìyẹn ni pé kí wọ́n ṣáà há ọ̀rọ̀ ńláńlá sórí, kí wọ́n dà á sínú ìwé ìdánwò, kí gbọ̀n-ọ̀n-gbọ̀n mú ẹni tó ń máàkì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Silifatou ka ìtumọ̀ aliénation láìkọsẹ̀. Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Kò jókòó, ó ní kí ni ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ túmọ̀ sí gan-an.

"Monsieur, ça veut dire quoi même?"

"Ça veut dire ce que tu viens de dire! Assieds-toi!"

Ó ní ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà náà ló túmọ̀ sí, kó jókòó. Abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ẹ̀rín ni wọ́n fi rín in. Silifatou rí i pé abọ́ kan náà ni wọ́n ń gbé fún òun nílé àti ní lísè: gbé e mì, lọ pọ̀ ọ́ síwájú ẹni tó ń dán ẹ wò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, eṣinṣin ti kú sínú hàntú náà. Bàbá fi ìka yọ ọ́, ó ní kó mu ún bẹ́ẹ̀. Silifatou gbé abọ́ jáde, ó dà á sí ìdí ata tí bàbá rẹ̀ gbìn sínú korobá lẹ́nu ọ̀nà, ata tó ń kẹ́ bí ọmọ. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ló ń dà á sí.

"Ṣó wọlé?" ni Bàbá máa ń bi í.

"Ó wọlé, Bàbá."

Bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n ilé kéú tó lọ ní kékeré ló padà gbà á là. Níbẹ̀, bí ọmọ bá ti kà á sórí tán, ààfáà tòótọ́ á fà á já fún un: á dárúkọ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan, á sọ Yorùbá rẹ̀, á tún mú òmíràn, tohùn torin. Silifatou yá ìwé atúmọ̀-èdè, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, Alimatou, tó ń din alókò, ìyẹn dòdò, tà lójúde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀ Faransé já lóhùn orin kéú.

"Aliénation: kí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni bọ́ mọ́ni lọ́wọ́, kó wá di ọ̀gá ẹni."

"Kò yé mi," ni ìyá rẹ̀ wí. Obìnrin náà kì í purọ́ pé ọ̀rọ̀ yé òun.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ din alókò. Ká ní gbogbo àdúgbò wá ń sọ pé páànù ló dín in, wọ́n ń kí páànù, ẹ̀yin náà wá ń bẹ̀rù páànù ńkọ́?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ó yé mi."

Bí kò bá tíì yé ìyá rẹ̀, Silifatou kì í kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ó yege. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní àgbàlá lísè, ó sáré délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Kí ó tó délé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀. Bàbá ti da aṣọ tuntun bo Ààfáà Sànní léjìká.

"Allāhu akbar! Hàntú ti ṣiṣẹ́!"

Àwọn ará àdúgbò ti ń fa ọmọ wọn wá, ìgò òfìfo lọ́wọ́. Ààfáà ń mi orí bí ẹni tó jókòó ṣe ìdánwò náà fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi Silifatou bó ṣe kàwé. Ó dúró láàárín wọn. Páànù ni wọ́n ń kí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Bàbá gbé abọ́ fún àbúrò Silifatou, Mubeenah, tóun náà ní ìdánwò níwájú. Ọmọ náà fọwọ́ dí imú. Silifatou gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á sílẹ̀ lójú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Mi ò mu ún. Ìdí ata yín ni mo ń dà á sí. Èmi ni mo kàwé, Bàbá. Èmi ni."

Àlàájì yíjú sí korobá. Ata náà ti gbẹ kú tipẹ́, ewúrẹ́ aládùúgbò ló sì ti ń ṣépè fún látìgbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa igi ata náà tu, ó wo gbòǹgbò rẹ̀ tó ti dúdú, ó jù ú nù.

"Mubeenah," ó wí, kò wojú ẹnì kankan, "gbé ìwé ẹ, lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n ẹ. Kí Ààfáà má ṣáà gbọ́."