Bí Fàtímọ̀ Ṣe Di Wolé-wolé

Nígbà tí Fàtímọ̀ ọmọ Gbàdàmọ́sí fi ń parí ẹ̀kọ́ inú kíláàsì nílé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó, ó dá a lójú pé kò sí ohun tí òun kò mọ̀ nípa ẹ̀fọn. Àní ó mọ orúkọ rẹ̀ lédè Látìn. Ohun tí kò mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń wọ ilé onílé tí wọn kò fi ní fi ìgbálẹ̀ lé e jáde.

Ìyẹn ni wọ́n ní kó wá kọ́ ní ọ́fíìsì àwọn wolé-wolé n'Íjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1986. Ọ̀gá Bọ́dúnrìn tó ń darí ibẹ̀ kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ààyè iṣẹ́ kan ṣoṣo nìjọba fún wa," ló wí. "Bí o bá mú kí ilé Ṣàngóbíyì da omi àmù wọn tí ẹ̀fọn ń yé sí nù láìjẹ́ pé a pè wọ́n lẹ́jọ́, màá fi orúkọ rẹ ránṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ ń dúró dè ọ́."

Aṣọ ni bàbá Fàtímọ̀ ń tà. Ó ti gbá igun tí ọmọ rẹ̀ máa jókòó sí mọ́ tónítóní, bẹ́ẹ̀ ni kò sóhun tí ọmọ náà kórìíra tó kó máa tú aṣọ fún oníbàárà tí kò ní rà.

Gbogbo wolé-wolé ló mọ ilé Ṣàngóbíyì. Tí àwọn ará ilé náà bá ti rí káákí wolé-wolé ní ìkóríta, wọ́n á yára da aṣọ funfun bo àmù ńlá ẹ̀yìnkùlé. Màmá Fáyọ̀kẹ́, àgbà obìnrin ilé náà, á wá dúró tì í.

"Omi Ọ̀ṣun ni o! Àjèjì kì í ṣí i."

Wolé-wolé wo ló fẹ́ pe Ọ̀ṣun lẹ́jọ́?

Nígbà àkọ́kọ́, Fàtímọ̀ wọ káákí lọ, ó sì ṣàlàyé bí ẹ̀fọn ṣe ń pa mọ̀lẹ́bí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní ó mọ̀wé, wọ́n bu ẹ̀pà fún un, wọ́n sì sìn ín dé títì. Àmù wà níbi tó wà. Ọ̀gá Bọ́dúnrìn bá a jẹ lára ẹ̀pà náà.

Nígbà tó máa padà lọ, ìró àti bùbá ló wọ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ rìn nínú oòrùn. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá Fáyọ̀kẹ́.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi."

"Bọ́lánlé, bu omi kànga wá!"

"Rárá o, Màmá. Ti Ọ̀ṣun yìí ni mo fẹ́. Iṣẹ́ ni mò ń wá."

Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ìmàle fẹ́ mumi Ọ̀ṣun!"

"Omi kò lọ́tàá," ni Fàtímọ̀ fèsì.

A kì í fi omi Ọ̀ṣun du ẹni tó tọrọ rẹ̀; ọ̀nà kò sí mọ́ fún Màmá. Màmá ká aṣọ funfun kúrò, ó bu omi sígbá, ó nawọ́ rẹ̀ sí i. Tanwíjí ń jó nínú rẹ̀. Fàtímọ̀ ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, Màmá. Ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́ wa pé ẹni tó gbé omi fún àlejò ló ń kọ́kọ́ mu."

Màmá wo igbá. "Òùngbẹ kò gbẹ mí."

"Díẹ̀ báyìí."

Bọ́lánlé, ìyàwó ilé, kò lè mú un mọ́ra. "Màmá, ṣebí inú àmù yìí la ti bu omi ìwẹ̀ láàárọ̀!"

Ni ẹ̀rín bá pa ìyá àgbà náà, ó nawọ́ sí Fàtímọ̀. "Ọmọ burúkú! Ti Ọ̀ṣun gan-an wà ní yàrá mi, ó mọ́ ju ojú ẹ lọ. Ẹ da eléyìí nù!"

Fàtímọ̀ ká aṣọ sókè, ó bá wọn fi kànrìnkàn fọ àmù náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá Fáyọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ wọ ọ́fíìsì. Ọ̀gá Bọ́dúnrìn dìde, ó rò pé ẹjọ́ ló wá rò.

"Ẹ gba ọmọ yẹn síṣẹ́," ni màmá wí. "Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ilé àna mi wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tá a ti da omi nù ni wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, tanwíjí tiwọn sì ju tiwa lọ."

Orúkọ Fàtímọ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ jáde, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n gbé e sí lóòótọ́. Màmá Fáyọ̀kẹ́ sìn ín dé gáréèjì, ó sì tẹnu bọ̀ ọ́ létí:

"Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni kó o kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé àmù wọn pamọ́ sí."