Ará Amẹ́ríkà Tó Ń Dọ̀bálẹ̀

Òórùn ẹja gbígbẹ àti ti ìpara irun ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ní òpópónà Rye Lane ní London láàárọ̀ Sátidé. Ibẹ̀ ni Mummy ti rí ẹ̀wù náà, níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n so tíṣẹ́ẹ̀tì àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kan kọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ẹgbẹ́ náà ní gbogbo Peckham, ìyẹn ni wọ́n fi ń tà á lówó pọ́ọ́kú.

Wọ́n ya ọkùnrin kan sí i láyà. Ó nà gbọọrọ sílẹ̀, àyà rẹ̀ kan iyẹ̀pẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà níwájú. Eré ló sá tó fi bẹ́ lulẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí bọ́ọ̀lù má baà ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n Mummy pàtẹ́wọ́. "Wo òyìnbó tó ń dọ̀bálẹ̀! Ìwọ ọmọ Yorùbá, 'Hi Uncle' nìkan lo mọ̀." Òótọ́ ni. Bí mo bá ń kí àgbà, mo kàn máa ń tẹ̀ díẹ̀ ni, bí ẹni tó fẹ́ ṣa kọ́bọ̀ nílẹ̀. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ni Mummy wí, wọ́n sì sanwó.

Wọn ò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Èmi yí i wò. BORN TO STEAL ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà. Mo ti wo eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n: ẹni tó bá sáré gba ibùdó tó kàn nígbà tí wọn ò fura, wọ́n á ní ó jí i, wọ́n á sì máa yìn ín. Mo fẹ́ ẹ̀wù náà ju oúnjẹ lọ, mo bá panu mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Mummy wà ní shift, èmi àti Daddy lọ sí àsàlátù ọjọ́ Àìkú ní mọ́sálásí. Òtútù mú gan-an, ṣùgbọ́n mo fi kóòtù mi sílé kí ayé lè rí mi. Daddy ń lọ níwájú, wọ́n ń sọ èyí tí wọ́n máa ń sọ lójoojúmọ́: "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe." Lẹ́nu ọ̀nà, Alhaji, baba arúgbó tó ti wà ní London kí wọ́n tó bí Daddy, dúró pẹ̀lú àwọn àgbààgbà. Ẹ̀wù gùn mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, irú èyí tí n kò ṣe rí, mo sì kọ ẹ̀yìn sókè sí gbogbo wọn.

"Subhanallah! Born to steal kẹ̀?" ni Alhaji wí.

Ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti ń ṣàlàyé, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "It's baseball, sà. Tí ẹ bá ti steal, everybody máa clap fún yín."

"Èmi?"

"Ẹ" tí mo fi bọ̀wọ̀ fún wọn ló sọ wọ́n di olè. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Mo rí bàtà Daddy lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. "Ẹ má bínú, Alhaji," ni wọ́n rọra wí, ìtìjú wà nínú ohùn wọn. "Èmi ni mo bí i. N kò bí i láti jalè." Wọ́n bọ́ kóòtù wọn, wọ́n fi bò mí lẹ́yìn, Daddy fúnra wọn sì dọ̀bálẹ̀ tì mí títí Alhaji fi ní kí a dìde.

Kóòtù yẹn ni mo wọ̀ délé. Mo ń sunkún ẹ̀wù mi lọ́nà, torí mo mọ̀ pé Mummy á gé e ṣe àkísà. Daddy ń gbọ̀n nínú jalámíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò sì bi wọ́n bóyá òtútù ń mú wọn.

Mo ti ju Daddy ìgbà náà lọ lọ́jọ́ orí báyìí. Kóòtù mẹ́rin ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, gbogbo wọn ló nípọn. N kò tíì bọ́ ọ̀kankan fi bo ẹnikẹ́ni.