Òpó Iwájú Ilé Wa

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àwọn oníná ló dá iná padà sí àdúgbò wa ní Ìwó. Ìjì ló wó gbogbo òpó wa nígbà ìjọba ológun. A lọ sí ọ́fíìsì wọn títí ó fi sú wa. Wọ́n ní òpó tuntun wà lójú ọ̀nà Kúta, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé e, kò sì sí ẹni tí yóò gbẹ́ ihò.

Ni àwọn bàbá wa bá gbé òpó léjìká wálé. Ìyá mi gba díígà lọ́wọ́ bàbá mi, ó gbẹ́ ihò iwájú ilé wa fúnra rẹ̀, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi léròrò. Ìgbà tí gbogbo òpó dúró tán ni àwọn oníná tó wá so wáyà.

Bí a ṣe kírun Mọ̀gàríbì tán ni iná dé. Ariwo ayọ̀ sọ. Alfa tó múlé tì wá gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ń ṣàdúrà fún àwọn oníná.

Ìyá mi jáde sí wọn. “Ẹ má bínú o, Alfa. Ọwọ́ tó gbẹ́ ihò rèé. Èmi ni kí ẹ ṣàdúrà fún.”

Ó wọlé, ó pa iná pálọ̀, ó tan àtùpà, ó sì jókòó. Bàbá mi bi í pé kí ló dé.

“Òpó mi ni,” ó ní. “Ìgbà tó bá wù mí ni n ó tan iná mi.”