Àwọn Ọmọ Tí A Kò Tíì Sọ Lórúkọ

Tí ẹnikẹ́ni bá bi ìyá mi pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe ní Bódìjà, wọ́n á ní, "Ó ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àwọn àgbà ti sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ọmọ tiwọn ló wá sọ ọ́ di iṣẹ́ oṣù. Ó máa ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́. Àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ wa, láti ìpínlẹ̀ wa níbí àti láti orílẹ̀-èdè mìíràn tí apá wọn kò tíì ká ètò ìlera. Èmi ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà, kí n wá ibi tí ọmọ ti ń jábọ́: èwo ló gba ti àkọ́kọ́ tí kò padà wá gba ìkejì, àdúgbò wo ni wọ́n ti pọ̀ jù. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé n kì í rántí oúnjẹ.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà òjò, ilé ìlera kan ní Baṣọ̀run ló wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ìwé mi. Àwọn ọmọ ibẹ̀ á gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí, lẹ́yìn náà wọ́n á pòórá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tó yẹ kí wọ́n padà wá, a kì í rí wọn mọ́. Inú bí mi. Mo ní lọ́kàn ara mi pé àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ló ń jágbe mọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n fi ń sá. Mo kọ ìròyìn tó gbóná, mo sì parí rẹ̀ pé ó yẹ kí wọ́n gba ilé ìlera náà lọ́wọ́ mátírọ́ọ̀nù tó ń darí rẹ̀. Ọ̀gá mi fẹ́ràn ìròyìn náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ lẹ́tà sí obìnrin náà pé kó wá wí tẹnu rẹ̀, wọ́n sì dá ìpàdé sí Ọjọ́bọ̀ ní Dùgbẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa yọ ọ́ nípò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fẹ́ pe díẹ̀ nínú àwọn ìyá tí ọmọ wọn pòórá, kí n lè gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo nọ́ńbà fóònù wọn. N kò tíì dé ìdajì nígbà tí mo rí nọ́ńbà kan tí mo mọ̀ sórí. Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni.

Mo tún un wò. Tiwọn ni lóòótọ́. Wọ́n kọ "Ọmọ" sí ibi orúkọ, wọ́n kọ orúkọ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tì í, wọ́n sì kọ síwájú rẹ̀ pé kò padà wá. Ọmọ tí mo gbé lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa yẹtí já létí mi.

Mo pè wọ́n. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbé ọmọ yẹn lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà?"

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ni wọ́n fi dá mi lóhùn. "Mo gbé e lọ. Mo gbé e lọ títí gbogbo ẹ̀ fi pé, káàdì ẹ̀ nìyí. Ìwọ lo gbé e lọ fún ti àkọ́kọ́, àbí o ti gbàgbé?"

N kò gbàgbé. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi kò tíì lè jókòó dáadáa, èmi ni mo fi ṣọ́ọ̀lù wé e tí mo gbé e lọ sí Baṣọ̀run. Akọ̀wé béèrè orúkọ ọmọ. Mo wò ó tìyanutìyanu. Mo ní, "Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta? Ta ló máa ti sọ ọ́ lórúkọ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé?" Gbogbo àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ńṣì ló gbè mí lẹ́yìn. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó kọ "Ọmọ" sílẹ̀, mo sì rìn jáde bí ẹni tó jàre ní kóòtù.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọ ti ní orúkọ. Akọ̀wé wá orúkọ náà nínú ìwé, kò rí i, ó sì ṣí ìlà tuntun fún un. Bí ọmọ kan ṣe di méjì lórí kọ̀ǹpútà mi nìyẹn: ọ̀kan tó gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí tó sì sọnù, ọ̀kan tó kàn jábọ́ láti òkè lọ́mọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi tí mò ń wá ẹni tó jẹ̀bi, ẹnu èmi fúnra mi wà nínú ọ̀ràn náà.

Ara mi kò gbà á mọ́. Mo pa orúkọ tì, mo ní kí kọ̀ǹpútà fi nọ́ńbà fóònù wá wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní méjì méjì bí ìbejì: "Ọmọ" níhìn-ín, orúkọ gidi lọ́hùn-ún, nọ́ńbà kan náà. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. N kò láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí nídìí iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọmọ mọ́kànlá péré ló kù tí n kò rí ìkejì wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi. Gbogbo Ìbàdàn ló ń dúró de ọjọ́ kẹjọ, àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Kí ló dé tó fi jẹ́ Baṣọ̀run nìkan ni ìwé wọn rí báyìí? Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo wọ takisí lọ síbẹ̀.

Mátírọ́ọ̀nù wà nídìí tábìlì wọn, wọ́n fi awò ojú kọ́rùn. N kò fi bọpo bọyọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo kọ ìròyìn tó fa lẹ́tà tí wọ́n gbà, mo sì ṣàlàyé bí mo ṣe ṣì í, títí dórí ọmọ mọ́kànlá tó kù. Mo wá béèrè ìdí tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn nìkan.

"Àwọn ibi tó kù, ẹ̀yìn ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń gbọ́mọ lọ síbẹ̀," ni wọ́n wí. "Ọmọ á ti lórúkọ kó tó débẹ̀. Èmi kì í dúró. Tí mo bá ti gbọ́ pé obìnrin kan bímọ ládùúgbò yìí, màá ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ṣé àrùn ń dúró de ọjọ́ kẹjọ ni?"

Torí pé wọ́n ń yára ju gbogbo àwọn tó kù lọ ni ìwé mi ṣe ní àwọn ló gbẹ̀yìn. Ojú tì mí, inú mi sì tún ń dùn ṣìnkìn pé mo ti rí i kó tó pẹ́ jù.

Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ wọn, wọ́n fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ọ́, wọ́n ń tọrọ pé kí ìjọba jẹ́ kí àwọn fẹ̀yìn tì kí àkókò tó pé. Wọ́n ti fọwọ́ sí i.

"Ọ̀la ni mo fẹ́ fún wọn," ni wọ́n wí. "Mi ò ní í jókòó kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe látìgbà tí mo ti wà lọ́mọge."

"Ẹ dákun, Mà, ẹ má tíì fún wọn."

Wọ́n wọ awò ojú wọn. "Mọ́kànlá wo lo ní ó kù yẹn?"

Lọ́jọ́ kejì ní Dùgbẹ̀, kí ọ̀gá mi tó ka ìròyìn, mo nawọ́ sókè. Mo ní àṣìṣe wà nínú rẹ̀, èmi ni mo sì ṣe é. Bí mo ṣe ń fi àwọn ìlà méjì méjì náà hàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ohùn mi ń le sí i. Ọ̀gá mi kọ́kọ́ fajú ro. Nígbà tó yá, àwọn náà fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìgbìmọ̀ fagi lé lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mátírọ́ọ̀nù, wọ́n sì ní kí gbogbo ilé ìlera tó kù máa ṣe bíi ti Baṣọ̀run. N kò dúró jẹ ráìsì tí wọ́n gbé kalẹ̀. Mo háyà takisí, èmi nìkan, mo ń bẹ awakọ̀ pé kó tẹ̀ ẹ́.

Mátírọ́ọ̀nù kò sí nídìí tábìlì. Akọ̀wé ní láti àná ni wọ́n ti ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ìwé ìfẹ̀yìntì wọn nìkan ló wà lórí tábìlì. Mo gbé e. Wọ́n ti yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ àwọn ọmọ mọ́kànlá náà sí, "Ọmọ", "Ọmọ", "Ọmọ", títí dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ gidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́sàn-án nínú wọn.

Mo ṣì dì í mú nígbà tí wọ́n wọlé, ẹrẹ̀ kún bàtà wọn. Mo lanu láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ orúkọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ kẹwàá.

"Ó ku ẹyọ kan," ni wọ́n wí. "Ṣé takisí tó gbé ẹ wá ṣì wà níta?"

Inú takisí ni mo ti ráyè sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n fọwọ́ nu ojú wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ní kí awakọ̀ yà sọ́wọ́ òsì.