Bí Mo Ṣe Lọ Gba Àga Dùùrù Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi kúrò nílé ní Ọlọ́runṣògo lọ́jọ́ Sátidé náà. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa, lẹ́yìn Egbeda, ló rán mi níṣẹ́ tó nira: kí n sọ fún bàbá mi pé kó fi àga dùùrù sílẹ̀ fún èmi ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ Bàbá ti rọ látìgbà tó ti ṣàìsàn, ẹsẹ̀ la sì fi ń tẹ pátákó ìsàlẹ̀ dùùrù náà kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Dùùrù tí èmi ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígboro ń lo iná. Tiwọn kò mọ iná.

Ní Olódò, ọkọ̀ kò tètè kún. Mo ra àkàrà gbígbóná, mo jẹ ẹyọ kan péré. Mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo tún ń gòkè.

Awakọ̀ ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ṣé wọ́n ń lé yín ni?"

"Bàbá mi ni mo ń lọ rí."

"Ẹni tó ń lọ rí bàbá ẹ̀ ló ń ṣe bí ẹni tó ń lọ kọ́ọ̀tù yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Láti Egbeda, ọ̀kadà ló gbé mi gba ọ̀nà eléruku láàrin oko ẹ̀gẹ́. Nígbà tí a wà ní kékeré, Bàbá máa ń sọ fún wa nípa ará Jámánì àtijọ́ kan, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì ń kọ orin. Olórin ni bàbá rẹ̀, akọrin ni ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni ilé tèmi náà yóò rí," ni Bàbá máa ń wí. Nínú gbogbo ọmọ tó bí, èmi nìkan ló ṣẹ́ kù sídìí dùùrù.

Nígbà tí mo dé ilé Bàbá, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Bàbá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé ọwọ́ mi náà rọ ni?"

"Rárá o, Bàbá."

"Nígbà tí ojú ará Jámánì yẹn fọ́, wọ́n ní ó ń fẹnu pe orin, ẹni ilé rẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló lé e dìde?"

Omi bọ́ lójú mi. Ojú tì mí pé èmi ni wọ́n rí rán.

Mo sùn síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ pátákó náà, eruku sì bo ìró mi. Ó rẹ̀ mí láàrin orin kejì.

"Àbẹ̀kẹ́, atẹ́gùn dà?" Bàbá pariwo. Gbogbo ìjọ gbọ́. Àwọn alàgbà wo ara wọn.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìrìn àjò yìí ló jẹ́ kó yé mi. Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, apá ń ro mí. Ọkọ mi bi mí bóyá mo gba àga náà.

Mo ní, "Ilẹ̀ ni mo jókòó sí."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ilẹ̀ náà ni."